Ilé Tí Nẹ́tíwọ̀kì Kún Fọ́fọ́

Ní àdúgbò tí Dominic Ọlámúyìwá, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dàrẹ́kítọ̀, kọ́lé sí nílùú Ọ̀wọ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù bá ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí Dàrẹ́kítọ̀ ná. Kì í ṣe òfin ìjọba, kò sì sí nínú Ìwé Mímọ́. Nẹ́tíwọ̀kì ló sọ ọ́ dàṣà. Láti bí oṣù mélòó kan, gbogbo fóònù àdúgbò ti ya odi. Èèyàn á wà nínú yàrá rẹ̀, á máa ké "Hẹ́lò? Hẹ́lò?" bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù, ẹni tó wà lódìkejì á sì máa gbọ́ "lò... lò..." Ṣùgbọ́n lórí fàráńdà Dàrẹ́kítọ̀, ìlà nẹ́tíwọ̀kì márààrún ló máa ń dúró ṣánṣán lójú fóònù, bí ọlọ́pàá níwájú gómìnà.

Nítorí náà, àwọn aládùúgbò á kó fóònù wọn dání, wọ́n á wá. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn, á yíkàá tàbí kó dọ̀bálẹ̀, á ní, "Dàrẹ́kítọ̀, ẹ kú ìjókòó o. A tún wá yọ yín lẹ́nu." Dàrẹ́kítọ̀ á mi orí, á nawọ́ sí bẹ́ǹṣì, á ní, "Kò sí wàhálà. Ẹ máa lò ó," bí ẹni ń bu omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba l'Ákùúrẹ́. Ìfẹ̀yìntì gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba dírẹ́bà, ó gba mẹ́sẹ́ńjà tó máa ń bá a gbé báàgì. Orúkọ nìkan ni kò rí gbà. Ṣùgbọ́n orúkọ tí kò ní èrò lẹ́yìn, àga tí kò ní tìmùtìmù ni, ó máa ń dun ni nídìí. Ìgbà tí ọmọkùnrin kan wá láti Àkúrẹ́, tó gbé àpótí kékeré kan sínú àjà ilé, tó na irin ẹlẹ́ka kan sókè lórí òrùlé, tó ní, "Daddy, búsítà nìyí. Á máa fa nẹ́tíwọ̀kì wá sílé yín bí ẹ̀rọ tí ń fa omi," ìgbà yẹn ni èrò padà dé.

Àsìkò Igogo la sì wà. Ará Ọ̀wọ̀ kò ní kí a ṣàlàyé, ṣùgbọ́n nítorí àlejò: ìlù kò gbọdọ̀ dún nílùú, ìbọn kò gbọdọ̀ ró, obìnrin kò gbọdọ̀ wé gèlè, ọkùnrin kò gbọdọ̀ dé fìlà, títí ọdún yóò fi parí. Kátólíìkì ni Dàrẹ́kítọ̀, àmọ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ ni kó tó di Kátólíìkì, kò sì ní fojú di àṣà. Àṣà fìlà yìí nìkan ló máa ń ká a lára díẹ̀. Orí rẹ̀ ti pá, ó ń dán bí abọ́ táńganran, fìlà olówó iyebíye ló sì máa ń fi ń bò ó. Lọ́dún yìí, kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún mọ́. Èrò orí fàráńdà ti di fìlà rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ tutù, ojú ọ̀run sì ṣú díẹ̀. Dàrẹ́kítọ̀ wà lórí àga rẹ̀. Zipporah télọ̀, tó ń gbé ní òdìkejì títì, wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń bá oníbàárà rẹ̀ kan jà lórí fóònù pé kò sí ìgbà tí òun ní aṣọ máa yá. Ó parí ìjà, ó mí kanlẹ̀.

"Dàrẹ́kítọ̀, bí kò bá sí yín ní àdúgbò yìí, à bá ti padà sí kí á máa rán ọmọ níṣẹ́."

"Má wulẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀," ni Dàrẹ́kítọ̀ wí, pẹ̀lú ohùn ẹni tó fẹ́ kí wọ́n tún un sọ.

Monica ìyàwó rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà, fóònù tirẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá Moyin, ẹ bá mi pe ọmọ yẹn. Mo ti ń pè é látìgbà tí mo jí, kò wọlé."

"Fóònù tìẹ ni kò dáa. Jẹ́ kí n fi tèmi pè é." Ó tẹ nọ́ńbà Moyinolúwa. Obìnrin inú fóònù fi gẹ̀ẹ́sì aláfẹ́ sọ fún un pé ẹni tó ń pè kò sí lórí nẹ́tíwọ̀kì. Dàrẹ́kítọ̀ wo fóònù náà bí ẹni pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló gbó o lẹ́nu. "Lọ́dọ̀ tiwọn ni. Òjò ti pa másìtì Elegbeka. Tèmi rèé, márùn-ún gbáko."

"Ṣé márùn-ún yẹn máa sọ fún mi bó ṣe jí?"

Ó ní ìdí tí ara Monica kò fi balẹ̀. Moyinolúwa nìkan ni ọmọbìnrin tí wọ́n bí. Elegbeka ló ń gbé, níjọba ìbílẹ̀ Ose, níbi tí Gbọ́lá ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe tíṣà. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀, dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "Ibi ọmọ sùn sísàlẹ̀," ni dókítà wí. "Ó dí ẹnu ọ̀nà tí ọmọ máa gbà. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, bí kò tiẹ̀ dùn ún rárá, ẹ má dúró wò ó. Ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má sì gbé e gun ọ̀kadà. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un ló gbọ́dọ̀ dé, kíákíá." Wọ́n ti fi í sí ọ̀la pé Gbọ́lá yóò gbé e wá sí Ọ̀wọ̀ kó wá máa dúró de ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ó ku ọ̀la péré.

"Fọkàn balẹ̀," ni Dàrẹ́kítọ̀ wí. "Bí Moyin bá sín ní Elegbeka, màá ti kí i pẹ̀lẹ́ láti orí àga yìí."

Monica wò ó láti orí tó ń dán dé ìka ẹsẹ̀.

"Ó dáa. Kí ẹ máa gbọ́ sísín náà lọ o." Ó padà sínú ilé.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni mọ́tò funfun kan rọra ń bọ̀ ládùúgbò. Á rìn díẹ̀, á dúró. Á tún rìn díẹ̀, á tún dúró, bí ajá tó ń gbóòórùn. Ó wá dúró níwájú ilé Dàrẹ́kítọ̀ gan-an. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń kọ mànà, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí dé abíyá. Ó gbé irin kan dání tó dà bí egungun ẹja, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì, títí ojú egungun ẹja náà fi dúró sí òrùlé Dàrẹ́kítọ̀. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e, ó gbé àpótí kọ́rùn.

Inú Dàrẹ́kítọ̀ dùn. "Àwọn tẹlifíṣàn ni," ó sọ fún Zipporah kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Òkìkí fàráńdà yìí ti dé ọ̀dọ̀ wọn." Ó na agbádá rẹ̀, ó gbé ahọ́n Ọ̀wọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa Yorùbá ilé-ìwé yọ, bí ẹni bọ́ sálúbàtà tó wọ bàtà. "Ẹ wọlé, ẹ wọlé! Mo ti mọ̀ pé ẹ máa wá lọ́jọ́ kan. Kámẹ́rà dà?"

"Kámẹ́rà kẹ̀, sà?" Obìnrin náà yíkàá díẹ̀. "Ẹnjiníà Hàlímàt Àbùbákàr ni mò ń jẹ́, ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba ló rán wa. À ń ṣèwádìí lórí ìgbì rédíò, ìyẹn ọ̀nà tí ohùn ń gbà kọjá nínú afẹ́fẹ́, àti lórí ẹ̀rọ tí èèyàn lè fi ké gbàjarè nígbà pàjáwìrì."

Ojú Dàrẹ́kítọ̀ ṣàdédé kan ọkùnrin tó gbé àpótí. Fìlà wà lórí rẹ̀.

"Ìwọ! Ṣí nǹkan yẹn kúrò lórí, kíá! Ṣé o ò mọ̀ pé Igogo là ń ṣe ni?"

Olúgbádé, èyí tíí ṣe orúkọ ọkùnrin náà, já fìlà bọ́ sínú àpò. "Ẹ má bínú sà. Èkìtì ni mo ti wá."

"Ṣé ará Èkìtì ò ní etí ni?" Dàrẹ́kítọ̀ fẹ̀yìn ti àga. Ó ti rí àyè sọ̀rọ̀ ọgbọ́n, kò sì jẹ́ kó bọ́. "Ẹ jókòó kí n kọ́ yín. Nílùú yìí, bí Igogo bá ti wọlé, gbogbo ìlù á dákẹ́. Bó ti wù kí onílù lókìkí tó, bó ti wù kí ìlù rẹ̀ dùn tó, á gbé e kọ́. Nítorí kí ni? Nítorí kí agogo lè ráyè dún. Ohun tí ìlú ń fi agogo sọ, ariwo kan kò gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ìyẹn là ń pè ní ètò."

Hàlímàt rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín lọ́yà tí ẹlẹ́rìí alátakò ṣẹ̀ṣẹ̀ bá rojọ́ tán.

"Ẹ ṣeun gan-an sà. Ohun tí mo wá sọ lẹ ti bá mi sọ yẹn. Afẹ́fẹ́ òkè yìí náà ń ṣe Igogo tirẹ̀, ojoojúmọ́ ni. Wọ́n pín in: ibi tó jẹ́ ti fóònù, ibi tó jẹ́ ti rédíò, ibi tó jẹ́ ti ọkọ̀ òfuurufú. Ibì kan sì wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún pàjáwìrì nìkan. A gbé rédíò kéékèèké fún ilé ìwòsàn Elegbeka àti ti Imoru, pé bí òjò tàbí ìjì bá pa másìtì fóònù, kí wọ́n ṣì lè pe Ọ̀wọ̀ níbí fún ambúláǹsì. À ń wádìí bóyá ohùn á la òkè àti igbó tó wà láàárín kọjá. Agogo tiwọn nìyẹn, sà. Ṣùgbọ́n ìlù kan ń dún mọ́ agogo náà lórí. A ti wá a títí. A tiẹ̀ lọ fẹ̀sùn kan wẹ́dà kan ní Uso pé ẹ̀rọ tó fi ń jórin ni, a ti lọ bẹ̀ ẹ́." Ó na egungun ẹja sí òrùlé. "Ilé yín ni ìlù náà wà."

Zipporah rọra gbé fóònù kúrò létí.

"Ìlù? Nínú ilé tèmi?" Dàrẹ́kítọ̀ dìde. "Afẹ́fẹ́ orí ilé mi, ṣé ìjọba ló ń bá mi mí i ni? Ẹ wo àwọn èèyàn wọ̀nyí. Gbogbo wọn ló ń jẹ àǹfààní nẹ́tíwọ̀kì mi. Ibi tí wọ́n ti yẹ kí wọ́n fún mi ní oyè ni ẹ ti wá ń pè mí ní onílù! Mo ti ṣe dàrẹ́kítọ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń kọ́ Á-Bí-Dí. Bí ìjọba bá ní ọ̀rọ̀ bá mi sọ, kí wọ́n kọ̀wé. Kí wọ́n gba ọ̀nà tó yẹ."

"Ọ̀nà tó yẹ náà ni mo tìtorí ẹ̀ wá, sà. Ẹ ti dí i."

Zipporah wúkọ́, ikọ́ náà sì jọ ẹ̀rín.

Dàrẹ́kítọ̀ ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi lu obìnrin náà bolẹ̀ nígbà tí rédíò kékeré tó wà ní ìbàdí Hàlímàt dún "kṣṣṣṣ", bí epo gbígbóná tí omi kán sí. Ohùn obìnrin kan wà nínú ariwo náà, ó ń yọ, ó ń rì.

"...wọ̀... kṣṣ... gbeka... ẹ̀jẹ̀... kṣṣṣ... kò dúró..."

Hàlímàt já a yọ ní ìbàdí. "Ta ló ń pè? Ẹ tún un sọ! Ẹ tún un sọ!"

"...kṣṣṣ... ìyàwó tíṣà... kṣṣ... Gbọ́lá..."

Àwo fọ́ nínú ilé. Monica ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Ó dárúkọ Gbọ́lá. Mo gbọ́ ọ. Bàbá Moyin, orúkọ Gbọ́lá ló pè! Ọmọ mi ni!"

"Ẹnjiníà, kí ló ń sọ?" Yorùbá ilé-ìwé ti sá lọ, ohùn Ọ̀wọ̀ ló jáde lẹ́nu Dàrẹ́kítọ̀. "Ẹ ní kó sọ ọ́ yékéyéké!"

"Ó ń sọ ọ́ yékéyéké, sà. Ẹ̀rọ yín ni kò jẹ́ kí a gbọ́."

Àgbàlagbà kì í sáré lásán. Dàrẹ́kítọ̀ sáré wọlé, ó na ọwọ́ sí súìṣì ara ògiri, ó pa á. Iná yàrá kú. Ṣùgbọ́n lókè àjà, iná aláwọ̀ ewé ara àpótí náà ṣì ń wò wọ́n, kò ṣẹ́jú. Ọmọ Àkúrẹ́ yẹn ti so ó mọ́ bátìrì ínfátà, kí nẹ́tíwọ̀kì ọ̀gá má baà kú láéláé. Dàrẹ́kítọ̀ gun àga, ó na ọwọ́ sí wáyà láti fà á já.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, sà! Á gbé yín!" Olúgbádé ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó dì í mú nídìí agbádá. "Ínfátà dà?"

"Ẹ̀yìn fíríìjì!" Monica ló dáhùn.

Olúgbádé kọ orí sẹ́yìn fíríìjì, nǹkan kan dún "kọ́". Iná aláwọ̀ ewé kú.

Kò sẹ́ni tó mọ bí ariwo yẹn ti pọ̀ tó àfi ìgbà tó dákẹ́. Rédíò ọwọ́ Hàlímàt kò pariwo mọ́. Ohùn obìnrin inú rẹ̀ wá jáde ketekete, bí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ọ̀wọ̀, Ọ̀wọ̀, Elegbeka ló ń pè. Nọ́ọ̀sì Margaret ni. Mo tún ń pè."

"Elegbeka, mo gbọ́ yín dáadáa. Ẹ máa sọ."

"Ẹ̀yin èèyàn yìí! Mo ti ń pè títí ọ̀fun mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Aboyún kan wà lọ́dọ̀ mi, ibi ọmọ sùn sísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń wá látàárọ̀, kò tíì rọbí. Mo ti so omi mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀kadà nìkan ló wà níbí, mi ò lè gbé e gùn ún. Mo fẹ́ ambúláǹsì, kí wọ́n sì pèsè ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nílé ìwòsàn kó tó dé."

Hàlímàt yí nǹkan kan lórí rédíò, ó pe ibi tí ambúláǹsì wà, ó sọ ibi tí wọ́n ń lọ, ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé, irú ẹ̀jẹ̀ tí Moyinolúwa ní. Monica ló ń ka ìyẹn sí i létí. Dàrẹ́kítọ̀ nawọ́. "Ẹ fún mi. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Kí n sọ ẹni tí mo jẹ́ fún wọn."

"Ẹ dákẹ́ ná, sà," ni Hàlímàt wí, kò sì gbójú sókè. "Ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí eléyìí."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún Dominic Ọlámúyìwá pé kó dákẹ́. Ó dákẹ́. Ó dúró sáàárín pálọ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ lásán, ó ń gbọ́ bí àwọn èèyàn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ń gba ọmọ rẹ̀ là láìbèèrè ipò tó ti dì mú rí.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní òun rí iná ambúláǹsì lójú títì, Hàlímàt gbé rédíò fún un. "Ó ní ọmọ yín fẹ́ gbọ́ ohùn yín. Kó má pọ̀ o." Dàrẹ́kítọ̀ gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbàdúrà kan tó gùn, tó dùn, tó mú omi bọ́ lójú Zipporah. Ó parí tán ni Olúgbádé rọra sọ fún un pé ó yẹ kó tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ àdúrà náà àfi Ọlọ́run. Ó wá tẹ bọ́tìnnì.

"Moyin."

"Bàbá mi."

"À ń bọ̀."

Inú mọ́tò funfun yẹn náà ni wọ́n bá lọ sí ilé ìwòsàn, Dàrẹ́kítọ̀ há sáàárín wáyà àti àpótí. Ambúláǹsì dé, wọ́n gbé Moyinolúwa kọjá níwájú wọn, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, ó sì gbìyànjú láti juwọ́. Ẹ̀jẹ̀ ti wà nílẹ̀ dè é. Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ tààrà. Monica di rósárì mú. Gbọ́lá jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Nígbà tí dókítà jáde, ó ti bọ́ ìbòmú sílẹ̀, wọ́n sì ti mọ̀ kó tó lanu.

"Ìyá wà láyè. Ọmọbìnrin ni, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Àmọ́ kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó pè wá. Díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ."

Monica kúnlẹ̀ síbẹ̀ nílẹ̀ kọ́ridọ̀. Dàrẹ́kítọ̀ fi ọwọ́ ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò mọ èyí tó ń ṣe. Gbọ́lá dì mọ́ ọn.

"Bàbá, a pè títí! Nọ́ọ̀sì ní ariwo kan ń bẹ ní Ọ̀wọ̀ tí kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun. Wọ́n ní ẹnì kan ló gbé ẹ̀rọ burúkú kan sílé. Ẹni yẹn, níbikíbi tó bá wà, Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́! Ẹ ṣe àmín, Bàbá."

Àmín kò jáde. Monica gbójú sókè láti ibi tó kúnlẹ̀ sí, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Gbọ́lá," ni Dàrẹ́kítọ̀ wí. "Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, láìfi iyọ̀ sí i. Gbọ́lá tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára àna rẹ̀, ó sì lọ dúró lójú fèrèsé. "Ẹ lọ wo ọmọ ọmọ yín," ló sọ, ìyẹn náà sì ni gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ara rọ̀ díẹ̀, Dàrẹ́kítọ̀ bá Hàlímàt níta. "Ẹnjiníà, ẹ là mí lóye. Nẹ́tíwọ̀kì kún nílé mi. Báwo ló ṣe tún jẹ́ pé èmi ni mo bà á jẹ́?"

"Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, sà, tí wọ́n gbé máíkì sún mọ́ sípíkà jù, tó wá ń han goooro, tí gbogbo ìjọ di etí?"

"Ọjọ́ Àìkú tó kọjá pàápàá."

"Ohun tí búsítà yín ń ṣe nìyẹn. Irin òkè òrùlé àti èyí tó wà nínú ilé sún mọ́ra jù, wọ́n ń gbọ́ ohùn ara wọn, wọ́n wá ń han. Etí kò lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n másìtì fóònù ń gbọ́ ọ, rédíò pàjáwìrì náà ń gbọ́ ọ. Ariwo yẹn ló bo fóònù gbogbo àdúgbò. Ẹ̀yin nìkan lẹ sún mọ́ ọn tó láti rí ìlà márùn-ún."

Dàrẹ́kítọ̀ ro ọ̀rọ̀ náà wò. Ó ro bẹ́ǹṣì, ó ro ìkúnlẹ̀, ó ro "ẹ máa lò ó". "Ẹ ń sọ pé... nítorí mi ni wọ́n ṣe ń wá sọ́dọ̀ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé gbogbo búsítà ló burú ni?"

"Rárá. Bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá dé ilé yín, ẹ pe ilé-iṣẹ́ fóònù tí ẹ ń lò, kí wọ́n wá wò ó. Bó bá gba ẹ̀rọ, èyí tí àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ fọwọ́ sí ni kí ẹ gbà, ẹni tó mọ̀ ọ́n sì ni kó so ó. Èyí tó wà nílé yín kò ní àmì kankan. Bákan náà ni wọkí-tọkí tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ń lò láìgbàṣẹ." Ó wò ó lójú. "Màá tún bá yín sọ òtítọ́ kan, sà. Ìgbà tí ẹ fi ń kọ́ wa ní ètò Igogo, nọ́ọ̀sì yẹn ń pè."



Wọ́n kó búsítà lọ. Wọ́n pe Dàrẹ́kítọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kan, láàárín àwọn tó ń dúró kí wọ́n pè wọ́n, ó san owó ìtanràn, ó sì fọwọ́ síwèé pé òun kò ní dán irú rẹ̀ wò mọ́. Fóònù ọmọ tó tà á fún un kò wọlé títí dòní.

Ní àdúgbò, lọ́jọ́ kejì tí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, Zipporah ló kọ́kọ́ yọrí lójú fèrèsé. "Dàrẹ́kítọ̀! Nẹ́tíwọ̀kì ti dé inú yàrá mi o! Mo wà lórí ibùsùn, mò ń bá Èkó sọ̀rọ̀! Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ yín ló gbé e lọ?"

"Òótọ́ ni, Zipporah."

"Háà! Gbogbo ìkúnlẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ yẹn! Ẹ ní omi wa nínú ìkòkò yín, a sì ń wá dúpẹ́ tí ẹ bá bu abọ́ kan fún wa!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Orúnkún mi ń bọ̀ wá gbowó ìtọ́jú lọ́wọ́ yín o. Ẹ kú oríire ọmọ tuntun, ṣá."

Dàrẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín náà. Kí ló tún kù tó lè ṣe? Nígbà tí Moyinolúwa kúrò nílé ìwòsàn, ilé bàbá rẹ̀ ló wá. Gbọ́lá ti ń bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀ padà, díẹ̀díẹ̀. Hàlímàt àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti parí ìwádìí ti Elegbeka, ohùn ń la òkè kọjá, wọ́n ti kọrí sí Imoru. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣèpàdé pẹ̀lú ará ìlú, Dàrẹ́kítọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Monica bẹ̀ ẹ́ pé kó má gùn. Ó gbìyànjú.

Ìwọ tí ò ń ka ìtàn yìí, ó lè jẹ́ pé o kò fi ẹ̀rọ kankan gbéra ga. Bóyá ńṣe ni o kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ. Kò burú. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ohùn rẹ ń gbà kọjá, òun náà ni ohùn ẹni tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí ń gbà, òun ni ti ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Má ra ẹ̀rọ tí kò ní àmì ìfọwọ́sí. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá wá yẹ afẹ́fẹ́ wò ládùúgbò rẹ, béèrè káàdì wọn, kí o sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Kọ́ àwọn ọmọ rẹ ní nọ́ńbà pàjáwìrì, 112, kí o sì kọ́ wọn pé kì í ṣe ohun ìṣeré, nítorí ẹni tó ń fi pàwàdà ń dí ẹnu ẹni tó ń kú lọ. Bí aboyún bá wà nílé rẹ, mọ ibi tí ẹ máa sáré lọ, mọ ọkọ̀ tó máa gbé yín, kí ẹ̀jẹ̀ tó yọ.

Lónìí, jáde síta, wo orí òrùlé rẹ. Bí o bá rí irin kan níbẹ̀ tí o kò lè sọ ẹni tó fọwọ́ sí i, pa ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn kí o tó wá ẹni tó máa bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ọ̀sì Margaret ní ọ̀fun láti pè títí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà nínú ewu ló ní.